Iyọ̀ Ń Bọ̀

Ní oṣù Agẹmọ, omi ọ̀sà kì í níyọ̀ lẹ́nu.
Odò Ògùn ló rọ́ omi òjò wá láti òkè,
ó rọ́ ewé, ó rọ́ igi, ó rọ́ ìdọ̀tí ìlú mélòó kan,
ó kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìlàjẹ, Bàrígà,
bí àlejò tó gbẹ́rù wọlé tí kò kí onílé.

Òdòdó aláwọ̀ àlùkò wá gba ojú omi kan.
Ó dùn ún wò, àfi bí ẹ bá ní ọkọ̀.
Àwa tí wọ́n fi ojú-oró súre fún lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ
pé òun ní í lékè omi,
a wá rí ohun tó lékè títí tí ẹja ò rí èémí mí.
Ta ni wọ́n ṣàdúrà fún gan-an,
èmi àbí ewé yìí?

Ẹ̀gbọ́n mi Mẹ́bawọ́ndù ti ọkọ̀ títí apá ń ro ó.
Ó ní, "Ẹ má bá a jà. Iyọ̀ ń bọ̀."

Lóòótọ́, bí ọyẹ́ bá dé,
òkun á yọ́ wọlé gba abẹ́ àwọn afárá,
díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.
Ewé á pọ́n létí,
á rọ, á rì.
Edé á jẹ òkú rẹ̀ nísàlẹ̀,
ọ̀bọ̀kún á jẹ edé,
àwa á jẹ ọ̀bọ̀kún, a ó nu ẹnu,
a ò ní mọ̀ pé ọ̀tá ọjọ́sí la jẹ yẹn.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́.
Igi ẹ̀gbà ni màmá mi fi ń yan ẹja.
Iná rẹ̀ kì í tètè kú, èéfín rẹ̀ a máa pọ́n ẹja bí epo.
Ogún ọdún la fi gé e, láti ẹ̀yìn Akọka dé Òwòròǹṣòkí.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa
pé níbi tí gbòǹgbò ẹ̀gbà ti dúró lórí ẹrẹ̀
bí àgbà tó ká ṣòkòtò sókè,
ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá sí fún ẹnu ẹja ńlá.
Alágbàtọ́ la sọ di igi ìdáná.
A fi ilé yan ọmọ ilé.
Nígbà tí àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lófìfo,
a ní iṣẹ́ ayé ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú màmá, mo wọkọ̀ lọ sí Bàyékù, mo ká èso ẹ̀gbà.
Èso yìí ti máa ń hù lára ìyá rẹ̀ kó tó já bọ́,
ọmọ tó mọ ìrìn kí wọ́n tó bí i.
Mo gún méjìlélógójì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé.
Àwọn ọmọ àdúgbò ń rẹ́rìn-ín:
Ìyá Fẹ́yíkẹ́mi ń to igi sáàárín ọ̀rá.

Ewúrẹ́ jẹ mẹ́fà. Ọ̀rá fún mọ́kànlá lọ́rùn pa.
Akàn gé mẹ́sàn-án lẹ́sẹ̀.
Mo mú un, mo ti gbé ìkòkò kaná;
mo wò ó títí, mo jẹ́ kó lọ.
Ihò tó ń gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìdí igi.
Ẹni tó ń gé e lẹ́sẹ̀ náà ló ń fún un ní èémí.
Irú ẹjọ́ yìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a.

Mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́kù.
Láàárọ̀ yìí omi fà,
lékeléke kan dúró sáàárín wọn lẹ́sẹ̀ kan.
Ẹja kékeré olójú rọbọtọ, èyí tó ń fi àyà rìn lórí ẹrẹ̀,
gun èyí tó ga jù dé ìdajì,
ó wo ilé wa, ó wò mí,
ó bẹ́ padà.
Mo ti ìka bọ omi, mo tọ́ ọ wò.
Kò tíì tó iyọ̀ ọbẹ̀.
Ó ti kúrò ní omi òjò.